Èérún igi nínú àpò kóòtù mi

Òórùn igi kédárì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí bàbá náà. Ní Prince Rupert ni, létí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà, òjò sì ń rọ̀ (ìgbà wo ni kì í rọ̀ níbẹ̀?). Ọmọ Ts'msyen ni wọ́n, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀. Irin ọwọ́ wọn tẹ̀ bí ọkọ́, wọ́n ń fi gbẹ́ igi díẹ̀díẹ̀, ojú ẹyẹ ìwò sì ń yọ.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ìdílé bàbá yín ló ni ìwò gẹ́gẹ́ bí àmì ìdílé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ti ìyá mi ni."

Ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń jogún ẹ̀! Láti 1885 di 1951 ni òfin Kánádà fi de àsè ńlá tí wọ́n ti ń gbé irú ère báyìí jáde.

Wọ́n fún mi ní èérún igi kan. Ó ṣì ń ta sánsán.