Odi Orí Àpáta, Odi Inú Yàrà

"Ẹ lọ gbàdúrà ni?" Ohun tí màmá mi bi mí nìyẹn nígbà tí mo pè é láti Glasgow pé èmi àti ọmọ mi obìnrin gun òkè. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá gun òkè ní ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún. Mo ní, "Rárá o, Màmá, a kàn lọ ṣeré ni." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nínú òtútù yẹn?"

Stirling la lọ. Ọkọ̀ ojú irin kò gbà tó wákàtí kan. Ìlú olódi ni látijọ́: àpáta ńlá kan tí iná abẹ́ ilẹ̀ ṣe ló yọrí láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ ni àwọn ọba Skọ́tláǹdì kọ́ ààfin wọn sí. Ọ̀tá tó bá ń bọ̀, wọn á ti rí i tipẹ́. Wọ́n tún mọ odi sí ìlú náà ní 1547, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì dúró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ làwọn èèyàn ń gbà nasẹ̀ lójoojúmọ́. Láti orí ààfin, a rí ibi afárá tí àwọn ọ̀gágun Skọ́tláǹdì, William Wallace àti Andrew Moray, ti ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1297. Ọmọ mi ló sọ ọdún náà fún mi. Wọ́n ti kọ́ ọ níléèwé.

Lẹ́yìn náà la gun Dumyat, òkè tó wà nítòsí. Kò ga púpọ̀, mítà 418 ni, ṣùgbọ́n atẹ́gùn orí rẹ̀ le. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló ń kí wa, àgbàlagbà tó fi ọ̀pá rìn, tọkọtaya tó fa ajá lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, ẹnì kan kì í wojú ẹnì kejì. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ọ̀dọ̀ wọn, orí òkè nìkan ni ẹni tí n kò mọ̀ rí ti ń kí mi kí n tó kí i. Ní ilé wa, kí n tó dé ìta gbangba, mo ti kúnlẹ̀ fún èèyàn márùn-ún.

Nígbà tí a wá sílé ní Oṣù Kejìlá, mo bẹ ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tí a ń pè ní Bàbá, pé kó mú wa lọ wo Èrèdò Súngbọ́, yàrà àti òkìtì àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Òkè-Èrì la kọ́kọ́ dé, níbi tí wọ́n ní sàréè Bilikisu Súngbọ́ wà. Obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Bàbá wọlé, èmi àti ọmọ mi dúró lábẹ́ igi. Ọmọ náà ní, "Ṣé kì í ṣe obìnrin ni wọ́n sin síbẹ̀ ni?" Obìnrin ni, opó olówó tí kò bímọ, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe sọ, tó ní kí wọ́n wa yàrà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí èsì fún ọmọ mi, ó sì dùn mí.

Ọ̀kadà gbé wa dé etí oko, a fẹsẹ̀ rìn ìyókù, Bàbá ń fi àdá ṣí ọ̀nà níwájú. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí àmì kankan. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, ara mi tutù. Ògiri ilẹ̀ pupa dúró ṣánṣán lọ́tùn-ún lósì, gbòǹgbò ń fì lára rẹ̀, orí igi ti pàdé lókè. Níbi tó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ dé orí òkìtì tó bíi mítà 20. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn tó wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990, rí i pé ó yíká tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Èkó sí Ìbàdàn kò tó bẹ́ẹ̀.

Inú yàrà yẹn ni mo ti ro ti Stirling. Àwọn tọ̀hún bá àpáta nílẹ̀. Ọlọ́run ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún wọn. Ilẹ̀ tiwa tẹ́jú, kò ní àpáta tí ọba lè gun. Àwọn baba wa wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ sókè, agbọ̀n kan tẹ̀lé òmíràn, títí wọ́n fi ní òkè tiwọn.

Níbì kan, ẹnìkan ti gé òkìtì náà lọ, ó ti fi erùpẹ̀ rẹ̀ dí ilẹ̀ ilé. Ọ̀rá omi kún ìsàlẹ̀. Inú bí mi gan-an. Láti 1995 ni Èrèdò ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé, síbẹ̀ ọlọ́kadà tó gbé wa, ọmọ àdúgbò, rò pé odò tó gbẹ ni. Ọmọ mi mọ 1297. Ta ló kọ́ wa ní 1892, nígbà tí àwọn baba wa dúró de ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lójú ogun Ìmágbọ̀n?

Nígbà tí a ń padà, Bàbá yà nílé mẹ́ta. Wọ́n bi mí ní ọmọ ta ni mí, mo sọ, wọ́n mọ bàbá mi, wọ́n mọ bàbá bàbá mi. Ilé kẹta ní ìkọ́kọrẹ́ lórí iná, a kò lè kúrò níbẹ̀ láì jẹun. Ní Stirling, búrẹ́dì inú báàgì la jẹ lẹ́yìn ògiri, nítorí atẹ́gùn.

Bàbá ti ní ká tún padà wá nígbà ọyẹ́ tó ń bọ̀, nígbà tí ọ̀nà bá gbẹ. Ó fẹ́ ká gba apá kejì yàrà náà, ọmọ mi sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wá àdá kékeré.