Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Ẹrẹ̀ Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa òkun, bí wọ́n bá ti dárúkọ ọ̀gbun ìsàlẹ̀ òkun, bí omi ṣe wúwo tó ni gbogbo yín máa ń rò. Kò burú, nítorí pé ìwúwo yẹn kò jẹ́ kí ẹja kọjá nǹkan bí mítà 8,400. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹranko fi pọ̀ níbì kan tí wọ́n sì ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, ẹrẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé ibẹ̀, nítorí náà ohun tó bá já bọ́ láti òkè ni púpọ̀ nínú àwọn ẹranko ibẹ̀ ń jẹ. Ọ̀gbun rí bíi lẹ́tà V. Ẹrẹ̀ tó bà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ dúró, a máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀, pàápàá bí ilẹ̀ bá mì. Abájọ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ronnie Glud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2013, fi rí i pé ọ́síjìn tí àwọn ohun abẹ̀mí inú ẹrẹ̀ Challenger Deep, ibi tó jìn jù lọ nínú òkun, ń lò, níbi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó mítà 11,000, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ibi tó jìn tó mítà 6,000 nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Japan lọ́dún 2011, nǹkan bí oṣù mẹ́rin péré ni wọ́n fi rí sísíọ̀mù 134 (èròjà onítànṣán olóró) láti ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Fukushima nínú ẹrẹ̀ ọ̀gbun Japan, ní ibi tó jìn ju mítà 7,000 lọ. Ẹrẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá yìí kan náà ló sì ń bo àwọn ẹranko tí kò lè tètè sá mọ́lẹ̀.

Òkè orí ọ̀gbun náà ṣe pàtàkì: omi tó wà lókè ọ̀gbun Atacama, nítòsí Chile, lọ́ràá gan-an, oúnjẹ tó ń já bọ́ sì pọ̀; ti Kermadec, ní àríwá New Zealand, kò tó o. Nínú ọ̀gbun kan náà pàápàá, àwọn ẹranko tí à ń pè ní kùkúḿbà òkun ń jẹ ẹrẹ̀ rírọ̀ kiri ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nígbà tí àwọn ẹranko tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan ń wá àpáta ẹ̀gbẹ́.

Nítorí náà, bí ọ̀pá oníhò tí a fi ń gún ìsàlẹ̀ òkun bá gbé ẹrẹ̀ wá sókè, ẹ má ṣe pò ó pọ̀ sínú asẹ́. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ihò aràn kí ẹ tó ka aràn fúnra rẹ̀: ìpele tó dán, tó kúnná, tí kò ní ihò kankan, sábà máa ń jẹ́ ẹrẹ̀ tó ya wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo gáàsì mẹ́téènì inú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú, nítorí pé ní ọ̀gbun Kuril-Kamchatka, nítòsí ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, ní mítà 9,533, gáàsì tó ń ti inú ẹrẹ̀ jáde ló ń bọ́ àwọn aràn tó ń gbé inú ihò ara wọn bíi páìpù tí wọ́n rí níbẹ̀ lọ́dún 2024.