Ẹ Bá Wa Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ Tí Kì Í Kánjú Rán Egbò

Ẹ bá wa gbé Ọlọ́run ga! Àwọn èèyàn wa tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó ilé lù wà láàyè, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn. Lẹ́yìn Ọlọ́run, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ni.

Kí wọ́n tó fa ẹni tí ògiri tẹ̀ mọ́lẹ̀ jáde, omi iyọ̀ ti gbọ́dọ̀ máa wọ iṣan rẹ̀, bíi lítà 1 ní wákàtí kan fún àgbàlagbà. Èyí tó ní èròjà potásíọ́mù nínú kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ o. Potásíọ́mù ti ń jò jáde nínú ẹran ẹsẹ̀ tó fọ́. Bí ògiri bá kúrò lójijì, yóò ya wọnú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a sì dáwọ́ lílù dúró. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lábẹ́ àwókù fi lè kú bó ṣe ń jáde.

Bí ẹsẹ̀ bá wú, tó le gbagidi, tí aláìsàn ń ké bí wọ́n ṣe na ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà dé ẹran mọ́. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 6, oníṣẹ́ abẹ eegun gbọ́dọ̀ la awọ líle tó fún ẹran mọ́ra, ní gbogbo ìpín 4 tó wà nísàlẹ̀ orúnkún. Bó bá ti pẹ́ jù, kí wọ́n má là á mọ́ ló sàn, torí òkú ẹran tó ṣí sílẹ̀ a máa kẹ̀.

Ti egbò gan-an la dúpẹ́ fún jù. Ẹran tí kò súnkì bí wọ́n bá já a léèékánná, tí kò ṣẹ̀jẹ̀ bí wọ́n bá gé e, òkú ni, wọ́n á gé e kúrò. Wọ́n á fi ọ̀pọ̀ lítà omi fọ egbò, wọ́n á fi í sílẹ̀ láìrán, ó di ọjọ́ 4 tàbí 5. Egbò tí wọ́n yára rán kó lè dára lójú ni ìdọ̀tí ń há sí, ó sì lè di ẹsẹ̀ gígé.

Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Haiti ní 2010, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ìṣègùn kan ti dé láìní irinṣẹ́ tàbí ìmọ̀ tó yẹ, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní 2013: ẹgbẹ́ onípele 2, ìyẹn ẹgbẹ́ ìṣègùn pàjáwìrì tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ, gbọ́dọ̀ lè ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá 7 tàbí kékeré 15 lójúmọ́.

A tún dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn akunilóorun, àti àwọn tó kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sára báńdéèjì kí ẹgbẹ́ tó gbaṣẹ́ lè mọ ìgbà tí wọ́n á tú u.