Fíìmù wa ti 1973: owó inú àpò

A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè ni. Orúnkún mi ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ìran tí wọ́n ti ń gbowó ti wà nínú fóònù báyìí, ó sì dùn ju bí a ṣe kọ ọ́ lọ.

Fíìmù àwàdà tí à ń fi fóònù yà ni, ọdún 1973 sì ni ìtàn inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó wà nídìí ìtàn náà nìyí: onígbàjámọ̀ tí kò ní oníbàárà, akọ̀wé tí wọ́n lé níṣẹ́, àti onílù ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bẹ̀rù òkùnkùn. Wọ́n mọ̀ pé òṣùwọ̀n oníṣòwò kòkó kan ń parọ́, wọ́n wá kọ lẹ́tà halẹ̀ mọ́ ọn pé kó sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo àgbẹ̀ á gbọ́.

Aṣọ ti parí. Pátákó ojú ọ̀nà náà ti parí: Western State ló wà lára rẹ̀, nítorí 3 Oṣù Kejì 1976 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ondo sílẹ̀.

Owó ló dá wa dúró. ₦1,000 ni wọ́n béèrè nínú lẹ́tà. Owó gidi ni nígbà yẹn: náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní 1 Oṣù Kìíní 1973, náírà méjì sì ni pọ́n-ùn kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n náírà mẹ́wàá ni bébà owó tó tóbi jù. Ti ogún náírà kò dé títí di 1977. Nítorí náà bébà ọgọ́rùn-ún péré ni gbogbo ẹ̀. A gé pépà, a dì í, a gbé e síwájú kámẹ́rà. Ìdì kan tín-ín-rín báyìí. Àbúrò mi tó ń mú iná wò ó, ó ní, “Bọ̀dá, ṣé owó súyà nìyí?”

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ń wò ó lónìí kò ní gbà pé èèyàn lè tìtorí ìyẹn ṣẹ̀wọ̀n. Mo ní ká sọ ọ́ di ₦10,000, àmọ́ níbo ni oníkòkó ìlú kékeré ti máa rí ìyẹn kó jọ lóru ọjọ́ kan? Mi ò sì fẹ́ gbé owó lọ fún onítẹ̀wé kankan pé kó bá mi tẹ irú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ owó àtijọ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe akọ̀wé ló tú u. Ó ní ọlọ́gbọ́n àṣejù ni akọ̀wé yìí, á ti fi kún lẹ́tà náà pé: “Ẹ má san owó ńlá o. Owó wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ mú wá, kí ará ìlú má baà fura.” Baba oníkòkó bá ṣe bí wọ́n ṣe wí. Sísì ló fi san gbogbo ẹ̀! Kọ́bọ̀ márùn-ún, márùn-ún, 20,000 ẹyọ. Ẹ sì wo ẹ̀yìn kọ́bọ̀ márùn-ún 1973 yẹn dáadáa: kòkó ni wọ́n yà sí i. Tí mo bá fúnra mi kọ irú àwàdà yẹn, ẹ máa ní mo ti ki àṣejù bọ̀ ọ́.

Ìlú àtijọ́ orí òkè ni wọ́n ní kó gbé owó sí, èyí tí àwọn èèyàn ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀ láti 1923. Alábàárù ló bá baba gbé e gòkè. Àwọn mẹ́ta wa ni wọ́n máa gbé e sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta.

Àpò náà wá di iṣẹ́. Wásà irin tí mo rà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ń dún ṣakala, kò jọ owó rárá. Òkúta wẹ́wẹ́ wúwo dáadáa, ọrùn òṣèré á sì fi hàn pé ó wúwo, àmọ́ kò dún. Ohun tó ṣiṣẹ́: òkúta nísàlẹ̀, páálí lórí rẹ̀, ojúlówó sísì díẹ̀ lókè fún ìgbà tí wọ́n bá ṣí ẹnu àpò. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta owó àtijọ́ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni mo ti rà wọ́n. Màmá yìí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ o! Wọ́n tún fẹ́ ta owó ẹyọ mọ́ mi lórí. Ìró owó náà, nínú yàrá ni mo ti gbà á, mo pa fáànù, mo da sísì sínú ìbọ̀sẹ̀ nípọn, mo ń mì í lẹ́bàá máìkì. Ó bá ẹsẹ̀ wọn mu.

Ó ku ìran sísá. Peugeot 404 tí a yá ti wà nílẹ̀, mo sì ti ń múra láti kọ ọjọ́ tí a máa yà á síbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru sísì 20,000, ibo ló ń sá lọ? Mo ti yọ mọ́tò kúrò báyìí. Kẹ̀kẹ́ ni. Àwàdà tó wà nínú mọ́tò náà ló ń dùn mí: 2 Oṣù Kẹrin 1972 ni wọ́n ní kí gbogbo wa kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, onílù wa sì máa ń padà sósì tí ẹ̀rù bá bà á. Ó yẹ kí kẹ̀kẹ́ náà lè ṣe é.

Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tó ní irin ìgbẹ́rù lẹ́yìn, ní Àkúrẹ́ tàbí Ondo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Bí táyà ẹ̀ bá tiẹ̀ ti jò, kò burú, títì la máa tì í.