Ọwọ́ Tó Wé Gèlè Yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa! Gèlè tí ẹ ń wò lórí mi láàárọ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo wé e. Àwọn tó rí mi lọ́dún tó kọjá á ti mọ ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí mi láti orí gèlè. Fún ọ̀sẹ̀ 8, ọwọ́ òsì mi ò gòkè kọjá àyà. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi wé e, ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ṣáà ti mọ̀. Bí ẹrù ọjà ni gèlè ń rí lórí mi. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo tú u nínú mọ́tò, mo sunkún, mo ní, Bàbá, bí ọwọ́ yìí bá tún lè wé gèlè, màá dìde níwájú ìjọ, màá sọ ọ́. Mo ti dé.

Nọ́ọ̀sì alẹ́ ni mí. Èmi tí mò ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹlòmíì, tèmi ti dé 162 lórí 98, mi ò sì mọ̀. Dókítà ní kí n lo oògùn, kí n sì wá eré ìdárayá tí mo bá fẹ́ràn. Ijó ni mo fẹ́ràn, àmọ́ òde kì í wà lójoojúmọ́. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá odò Thames ní Thamesmead. Nígbà tí orúnkún ń dùn mí, mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù ní £180.

Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún, ìtàn ni. Bàbá mi ní Raleigh kan nílé wa ní Ìlá, Nottingham tó wà níbí ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gùn ún. Èmi ni mò ń nù ún. Wọ́n ní obìnrin kì í gun kẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe pé ọmọ ọdún 44 kí n tó kọ́ ọ nìyẹn, ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi fóònù ká mi sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló wá dárúkọ duathlon fún mi. Triathlon ni ọ̀pọ̀ yín gbọ́ rí, èyí tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Èmi ò mọ̀wẹ̀, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kò sí omi nínú duathlon: ẹ ó sáré, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́, ẹ ó tún sáré. Èyí tí mo forúkọ sílẹ̀ fún ní Kent, kìlómítà 5 ni eré àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ 20, eré ìkẹyìn 2.5. Kékeré nìyẹn o. Ní Zofingen, ní Switzerland, wọ́n á sá kìlómítà 10, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ 150, wọ́n á tún sá 30. Kí Ọlọ́run ṣàánú wọn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Kí ló ń lé ọ?” Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Mà.

Oṣù kẹta ni, òjò wínníwínní ń rọ̀, òtútù ń mú. Kí wọ́n tó jẹ́ ká gbé kẹ̀kẹ́ wọ ibi tí wọ́n ń fi í kọ́ sí, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá òyìnbó kan tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ló yẹ tèmi wò. Ó tẹ bíréèkì, ó wo táyà, ó wá nawọ́ sí ìdí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi lápá òsì. Ìdérí rẹ̀ ti já bọ́, ẹnu páìpù là sílẹ̀. Ó ní mi ò lè wọlé. Mo ní, “Nítorí ihò kékeré yìí, sà?” Ó ní bí mo bá ṣubú lé e, á wọ inú mi. Ẹ wo bí ẹnu ife ṣe ń gé ìyẹ̀fun míìtì-páì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó yọ kọ́ọ̀kì wáìnì kan nínú àpò rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé e, ó sì gbá a wọlé. Mi ò dúpẹ́. Mo ń kùn sínú pé òyìnbó fẹ́ràn òfin jù.

Mo sá kìlómítà 5 tán, mo sáré débi kẹ̀kẹ́ mi, mo de akoto mọ́rí, mo fa kẹ̀kẹ́. Ọmọbìnrin kan fọn fèrè. Mi ò tíì há okùn akoto lábẹ́ àgbọ̀n! Òfin ni pé kí o há a kí ọwọ́ rẹ tó kan kẹ̀kẹ́, o ò sì gbọdọ̀ tú u títí wàá fi gbé kẹ̀kẹ́ padà síbi tó wà. Ó ní kí n dá a padà, kí n há okùn, kí n tó tún gbé e. Àwọn tí mo ti sá kọjá ń kọjá lára mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan ní Yorùbá tí mi ò ní tún sọ níwájú pẹpẹ.

Ìyípo 8 ni a máa fi kẹ̀kẹ́ yí. Ní ìkẹfà, níbi kọ́nà kan tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo fún bíréèkì iwájú nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ tutù. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ní parọ́ nílé Ọlọ́run. Ohun tí mo rántí ni ìró kan, bí ìgbà tí wọ́n fọ́ àsálà. Eegun tó so àyà mọ́ èjìká, nísàlẹ̀ ọrùn, ló kán. Orí mi ló tẹ̀ lé e, ó gbá ọ̀dà. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí padà, ó gún mi níkùn.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ya àwòrán orí mi, wọn ò rí nǹkan kan. Akoto mi ti là sí méjì, okùn abẹ́ àgbọ̀n nìkan ló ṣì so ó pọ̀. Dókítà gbé e sókè, ó ní, “Orí rẹ ni ì bá jẹ́ báyìí.” Ní ikùn mi, àpá dúdú roboto kan wà, tó tó ìdí kọ́ọ̀kì gẹ́lẹ́. Awọ ò là. Mo tẹjú mọ́ ọn títí, mo rántí bí mo ṣe kùn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, ẹ̀fọ́ rírò yín ni mo jẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí apá mi wà nínú aṣọ ìgbékọ́. Olúwa ò ní jẹ́ kí ẹ wá tiyín tì. Eegun jinná, àmọ́ ẹ̀rù ò lọ bọ̀rọ̀. Bí agogo kẹ̀kẹ́ bá dún lójú títì, àyà mi á já.

Mo padà lọ lóṣù kẹta tó kọjá. Eré kan náà, akoto tuntun, nítorí èyí tó bá ti gbá ilẹ̀ kò ṣe é dé mọ́. Nígbà tí mo dé kọ́nà yẹn, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tì í kọjá, mò ń kọrin. Ní ìyípo kejì, mo tún sọ̀ kalẹ̀. Ìkẹta ni mo tó gùn ún. Nígbà tí mo bọ́ sórí eré ìkẹyìn, ẹsẹ̀ mi ti dà bí ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 11 ni mo fi parí. Ìkẹyìn ni mo ṣe, ẹ má pàtẹ́wọ́ jù. Wọ́n ti ń kó kóònù nílẹ̀ nígbà tí mo dé.

Bàbá yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó wo ìdí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi kó tó wo ojú mi. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n kí i bó ṣe yẹ. Ó rò pé mo dákú ni, ó di apá mi mú, ó ń pariwo kí wọ́n gbé omi wá.

Ẹ̀jẹ̀ mi wà ní 128 lórí 82 lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣì ń lo oògùn mi. Ìrẹsì wà nísàlẹ̀, kúlà méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa lọ.