Etíkun Tàbí Ìlú Àtijọ́? Bí Èmi àti Ọkọ Mi Ṣe Yan Zanzibar

Ẹnu èmi àti ọkọ mi kò kò rárá nígbà tí a ń wá ibi tí a ó ti lo hónímúùnù wa. Òun ń fẹ́ ibi tí yóò ti sùn, tí yóò jí, tí yóò wọ inú omi, tí yóò tún padà lọ sùn. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó rí oorun sùn dáadáa, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ní tèmi, bí mo bá jókòó sójú kan pẹ́, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ìlú àtijọ́ ni mo fẹ́ràn, ibi tí ọ̀nà ti há, tí ògiri ti gbó, tí gbogbo ilé ní ìtàn. Bí a bá yan ti ẹnì kan, ẹnì kejì á kàn máa tẹ̀ lé e ni. Ìsinmi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó ṣe é láyé wa, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ṣe ìfaradà.

Àwòrán ló kọ́kọ́ ń gbé ọkàn ènìyàn lọ. Ọkọ mi ṣí fóònù, ó fi Maldives hàn mí: ilé onígi tí wọ́n kọ́ sórí omi, àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá tààrà sínú òkun, omi tó mọ́ débi pé èèyàn ń rí ẹja nísàlẹ̀. Ó wù mí gan-an. Erékùṣù bíi 1,200 ló wà ní orílẹ̀-èdè náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn kò sì ga tó mítà kan sí ojú omi. Àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ló sábà máa ń gba odindi erékùṣù kan níbẹ̀. Bí ẹ bá ti dé, ẹ dé nìyẹn. Ẹni tó ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò lè rí ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rìn yóò ti yí erékùṣù náà po tán kí oòrùn tó mú. Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹni tó ń gbèrò ibẹ̀ mọ̀: bàálù kékeré tó ń balẹ̀ sójú omi, èyí tó ń gbé èèyàn lọ sí àwọn erékùṣù tó jìnnà, ojúmọmọ nìkan ló ń fò. Bí bàálù ńlá tí ẹ bá wá bá balẹ̀ lálẹ́, ìtòsí Malé, olú ìlú wọn, lẹ ó sùn mọ́jú.

Èmi náà gbé tèmi kalẹ̀: Venice, ní Ítálì. Ìlú tí kò sí mọ́tò níbẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi ń ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀sì, tí afárá so erékùṣù tó lé ní 100 pọ̀ mọ́ra. Ọkọ mi wò ó títí, kó tó béèrè pé, "Ìyàwó mi, oṣù wo la ń lọ ná?"

Ìbéèrè yẹn ló la ọ̀nà fún wa. Oṣù keje ni àwa méjèèjì rí àyè gbà níbi iṣẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè yí i padà. Ní oṣù keje, oòrùn Venice ń mú, èrò ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé láti ọdún 2024 ni ìjọba ìlú náà ti ń gba owó ìwọlé, ní àwọn ọjọ́ kan láàárín ọdún, lọ́wọ́ àwọn tó bá wọ̀lú láàárọ̀ tí wọn kò ní sùn síbẹ̀. A wo Santorini ní Gíríìsì pẹ̀lú, nítorí ó jọ pé yóò tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn: ilé funfun tí wọ́n kọ́ sí etí ọ̀gbun tí òkè ayọnáyèéfín là sílẹ̀ nígbà tó bú ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, òkun sì wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù keje àti oṣù kẹjọ gan-an ni èrò máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, èjìká ń gbún èjìká ní abúlé Oia nítorí àwọn tó fẹ́ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Tọkọtaya tuntun tó ń wá àyè láti gbọ́ ohùn ara wọn, n kò lè sọ pé kí wọ́n lọ síbẹ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Bí a ṣe pa àwòrán tì nìyẹn, tí a wá gbé oṣù ka iwájú. Maldives: oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni afẹ́fẹ́ máa ń gbé òjò wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Mauritius: ìgbà òtútù wọn ni oṣù keje. Kì í ṣe òtútù tó ń pani, ṣùgbọ́n omi òkun kò ní lọ́ wọ́rọ́ bí ọkọ mi ṣe fẹ́ ẹ. Seychelles: afẹ́fẹ́ gúúsù ìlà-oòrùn ń ru òkun sókè ní àwọn etíkun kan lákòókò náà, ó sì ń kó koríko òkun wá sórí iyanrìn. Ẹ̀yìn èyí ni mo rántí Zanzibar, àwọn erékùṣù tó jẹ́ ti Tanzania. Òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika níbẹ̀ máa ń rọ̀ láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Nígbà tó bá fi máa di oṣù keje, ilẹ̀ ti gbẹ, afẹ́fẹ́ kusi sì ń fẹ́ láti gúúsù, ó ń tu ara. Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé ìlú àtijọ́ àti etíkun wà lórí erékùṣù kan náà, ní Unguja. Ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan nínú mọ́tò ló wà láàárín wọn. A pín ìsinmi náà sí ọ̀nà méjì: Stone Town, ìlú àtijọ́ náà, kọ́kọ́ jẹ́ tèmi, etíkun Paje tẹ̀ lé e fún un.

A wọ bàálù dé Dar es Salaam, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti ibẹ̀. Ó tó nǹkan bíi wákàtí méjì. Ìgbì ń gbé wa sókè sódò lọ́jọ́ náà, ẹni tí ojú omi máa ń kọ lára kó rọra lo oògùn kó tó wọlé, tàbí kó gba ojú òfuurufú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ilẹ̀kùn. Ọdún 2000 ni UNESCO ka Stone Town mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, àwọn ilẹ̀kùn ibẹ̀ sì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ rìnrìn àjò. Igi wọn nípọn, aláwẹ́ méjì ni wọ́n, wọ́n sì gbẹ́ ẹ̀wọ̀n, òdòdó àti ẹja sí ara férémù wọn. Òmíràn ní ìlà ṣóńṣó idẹ lára, èyí tí àṣà rẹ̀ wá láti Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń lò ó kí erin má baà já ilẹ̀kùn wọlé. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àárín ṣóńṣó méjì lára ọ̀kan nínú wọn. Òjìji ọ̀nà tóóró náà ti jẹ́ kí idẹ rẹ̀ tutù, igi rẹ̀ sì ti dán gbinrin níbi tí ọwọ́ ti ń tì í láti ọdún gbọọrọ, àmọ́ apá òkè tí ọwọ́ kì í dé ṣì rí hákahàka. Ọkọ mi dúró tì mí, kò kán mi lójú. Mo lè fi gbogbo àárọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì fi í ṣe bẹ́ẹ̀.

A lọ sí ibi tí ọjà ẹrú wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1873 ni wọ́n ti ọjà náà pa, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà sórí ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan bi wá léèrè lẹ́yìn náà pé kí ló gbé ìyàwó ọ̀ṣìngín débẹ̀. Èmi rò pé ibi tó yẹ ká dé ni. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń fi hàn àwọn àlejò, òkè rẹ̀ kò ga, ńṣe la tẹ orí ba. Níta, ère àwọn èèyàn dúró nínú kòtò, ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn wọn, ojú wọn kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi jáde sójú títì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ká wá ibì kan jókòó sí ná. A jókòó pẹ́, a sì sọ ohun tí a kò tíì sọ fún ara wa rí nípa àwọn tó bí wa àti àwọn tó bí wọn. Lọ́jọ́ yẹn ni mo mọ̀ ọ́n sí i.

Paje yàtọ̀ pátápátá. Ní etíkun ìlà-oòrùn, òkun máa ń fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì ń fà jìnnà. Ẹ lè jí kí ẹ rí i pé omi tí ẹ lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lánàá ti di iyanrìn títí dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́ lára àpáta iyùn lọ́nà jíjìn. Kò bà wá nínú jẹ́ rárá. A wọ bàtà omi, nítorí nǹkan ẹlẹ́gùn-ún wà nísàlẹ̀, a sì rìn wọ àárín òkun. Níbẹ̀ la ti bá àwọn obìnrin tó ń gbin koríko òkun, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1980. Wọ́n gún igi kéékèèké sínú iyanrìn ní ìlà-ìlà, wọ́n ta okùn sáàárín wọn, wọ́n sì ń so ẹ̀ka koríko mọ́ okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan ki mí, ó fi bí wọ́n ṣe ń so ó hàn mí: ó lọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ti di kókó. Mo gbìyànjú, ó sì ní kí n rọra fà á, kó má baà gé ẹ̀ka náà. Bí wọ́n bá ká a tí wọ́n sá a gbẹ, òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ, wọ́n sì ń yọ ohun tó ń mú ọṣẹ ìfọyín àti áísíkiriìmù ki láti inú rẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, àwọn obìnrin náà palẹ̀ mọ́, a sì jùmọ̀ rìn padà sí èbúté. Ní ọ̀sán, ọkọ mi wà nínú omi níbi tí a ti rìn láàárọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nígbà tó bá wù ú kó má lọ sí ìlà-oòrùn. Nungwi àti Kendwa ní àríwá ló yẹ kó wò, omi ibẹ̀ kì í fà jìnnà. Bí ọjọ́ yín bá sì bọ́ sí ìgbà òṣùpá tuntun tàbí òṣùpá àrànmọ́jú, ìgbà yẹn ni òkun ń fà jù. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Zanzibar, ẹ bo èjìká àti orúnkún nígboro, ẹ sì fi ìfẹnukonu sílẹ̀ di inú yàrá. Bí ìgbà ààwẹ̀ Ramadan bá bọ́ sí àkókò yín, ẹ béèrè ohun tó máa ń ṣí lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún ṣe pàtàkì fún àwa obìnrin. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà ni kí wọ́n fi gé tíkẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá tiẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ. Ẹ má sì ṣe wọ bàálù lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó. A fún ara wa láyè kí a tó gbéra, oorun tí a sùn nílé ló jẹ́ kí ojú mi là tó láti rí àwọn ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ bọ́ sí oṣù kẹrin, òjò masika ni yóò bá ní Zanzibar, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan tiẹ̀ máa ń tìlẹ̀kùn. Kó wo Seychelles nígbà náà. Àárín afẹ́fẹ́ kan sí èkejì ni oṣù kẹrin jẹ́ níbẹ̀, òkun máa ń pa rọ́rọ́, ojú sì ń ríran jìnnà lábẹ́ omi. Ẹni tó bá fẹ́ rìn bíi tèmi yóò rí igbó Vallée de Mai ní erékùṣù Praslin, níbi tí ọ̀pẹ coco de mer ti ń so èso tí hóró rẹ̀ tóbi ju ti igi èyíkéyìí lọ láyé. Ọkọ mi ti ń bi mí pé ìgbà wo la máa lọ.