Ajá Alájá Lóṣù Ooru: Ohun Tó Wọlé, Ohun Tó Jáde

Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, tó ní òun á bá a tọ́jú ajá tàbí ológbò rẹ̀, ẹ̀mí ló gbà sọ́wọ́. Ẹran ọ̀sìn kò lè sọ pé inú ń run òun. Ńṣe ló máa ń fi àìsàn pamọ́, nítorí nínú igbó, ẹran tí àárẹ̀ bá hàn lára rẹ̀ ni apẹranjẹ ń kọ́kọ́ dọdẹ. Nǹkan méjì ló wá kù tí olùtọ́jú lè máa ṣọ́: ohun tó wọlé lẹ́nu, àti ohun tó jáde nídìí. Ẹni tó bá mọ iye tí ẹran náà jẹ, bó ṣe mu omi sí, ìgbà tó tọ̀ àti bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, kò sí àìsàn tó máa bá a lójijì.

Kí onílé tó gbéra, ẹ jẹ́ kó wọn oúnjẹ lójú yín, ní gíráàmù, lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. "Ife kan" kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ife tiyín lè gbà ju tirẹ̀ lọ. Oúnjẹ tó bá fi sílẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa fún un, torí bí wọ́n bá pààrọ̀ oúnjẹ ajá lójijì, ìgbẹ́ gbuuru ló ń dà. Ẹ gba nọ́ńbà dókítà ẹran rẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé tó fọwọ́ sí pé kí wọ́n tọ́jú ẹran náà bí wọn kò bá rí òun bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú iye owó tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí oògùn bá wà, kó fún un níṣojú yín lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹ dán an wò nígbà tó ṣì wà nílé.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní orúkọ fún àwọn ọjọ́ tí ooru ń mú jù láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ: ọjọ́ ajá ni wọ́n ń pè é. Ajá tí wọ́n ń wí kì í ṣe ti ilé. Sirius ni, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lójú ọ̀run lóru, tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ajá Ńlá. Lásìkò yẹn, òun àti oòrùn jọ ń yọ ni, wọ́n sì rò pé ooru tirẹ̀ ló kún ti oòrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayé ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 23.4, apá tó bá fì sọ́dọ̀ oòrùn ni ooru ń mú. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje gan-an ni ayé máa ń jìnnà sí oòrùn jù lọ láàárín ọdún, nǹkan bíi mílíọ̀nù 152 kìlómítà, síbẹ̀ ìgbà náà ni ará àríwá ayé ń wá ibòji.

Ajá ilé ló ń jìyà ọjọ́ ajá. Kò síbi tó ti ń làágùn àfi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ò sì tó nǹkan. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tutù: afẹ́fẹ́ ń gba orí ahọ́n tútù kọjá, omi ibẹ̀ ń gbẹ, ooru sì ń bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí ooru fi tètè ń mú ajá onímú pẹlẹbẹ bíi bulldog àti pug, ọ̀nà èémí wọn há. Ara ajá tó dá ṣáká máa ń wà ní dígírì Celsius 38.3 sí 39.2. Bó bá ti kọjá 40, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá.

Àárọ̀ kùtù àti alẹ́ ni kẹ́ ẹ máa mú un jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé títì ọlọ́dà fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ọwọ́ yín kò bá lè gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè gbà á. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀ báà ṣí gíláàsì díẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú 10, inú ọkọ̀ tó wà lóòrùn lè fi dígírì 11 gbóná ju ìta lọ, láàárín ìṣẹ́jú 30 ó lè fi 19 jù ú.

Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè kẹ́ ẹ wo èrìgì rẹ̀. Èrìgì ajá tára rẹ̀ le máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́, á sì máa dán fún itọ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ á funfun. Ẹ yọ ìka. Ó yẹ kí pupa rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, tàbí tí èrìgì gbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, omi ti dín lára rẹ̀. Àwọn ajá kan wà tí èrìgì wọn dúdú látilẹ̀. Inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò fún irú wọn. Bí èrìgì bá wá pupa fòò, tí itọ́ rẹ̀ ki, tó ń bì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ooru ti wọ̀ ọ́ lára. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á sáré gbé e sọ́kọ̀. Omi ló kàn ná. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i títí á fi dé awọ, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ̀yìn náà kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fi táwẹ́lì tútù bò ó. Kì í pẹ́ tí táwẹ́lì náà á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́ ọn lára, á wá di kúbùsù.

Ní ti oúnjẹ, ẹ gbé ṣokoléètì, èso àjàrà tútù àti gbígbẹ, àlùbọ́sà àti ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà jìnnà sí ajá. Xylitol, èròjà adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, tó wà nínú ọ̀pọ̀ irú ṣingọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ló ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀.

Ológbò kì í mọ adùn ṣúgà rárá, apilẹ̀ àbùdá tó yẹ kó fi mọ̀ ọ́n ti bàjẹ́ lára ìran rẹ̀, nítorí náà ṣokoléètì kì í sábà fà á mọ́ra. Ewu tirẹ̀ yàtọ̀. Òdòdó lílì: bí ìyẹ̀fun rẹ̀ lásán bá bọ́ sára irun tó sì lá a, ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Paracetamol: hóró kan lè pa á. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú: ẹ má kàn án sí i lára láéláé.

Inú àpótí iyanrìn ni ìròyìn ológbò wà. Ẹ jẹ́ kí iyanrìn náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, ẹ kó ìdọ̀tí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ sì ka iye ibi tí ìtọ̀ ti dì. Méjì sí mẹ́rin lóòjọ́ ni ti ọ̀pọ̀ ológbò. Akọ tó ń wọ àpótí léraléra, tó ń gìn, tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ìgbẹ́ ni kò rí ṣu, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ìtọ̀ ló dí, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tí kò bá jẹun fún wákàtí 24, ẹ pe dókítà. Bó bá di ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rá lè bẹ̀rẹ̀ sí í kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, pàápàá bó bá sanra. Fèrèsé tí wọ́n ṣí nítorí ooru náà ń pa ológbò. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò lè gbà á dúró, àfi èyí tí wọ́n kàn mọ́ férémù dáadáa.

Bó bá sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má fà á jáde. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ wò ó, kẹ́ ẹ rọra dijú, kẹ́ ẹ tún rọra là á. Wọ́n dán èyí wò ní Yunifásítì Sussex àti Portsmouth, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2020: ológbò máa ń dijú padà, ó sì máa ń yá a lára láti sún mọ́ àlejò tó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ehoro ló ń dẹ́rù ba olùtọ́jú tuntun jù. Ó ń ṣu oríṣi méjì: kóró gbígbẹ, àti èyí tó rọ̀, tó ń dán, tó so pọ̀ bí èso àjàrà. Ẹnu ló fi ń gba èyí kejì nídìí ara rẹ̀, ó sì ń gbé e mì, torí èròjà tó ń ṣara lóore ṣì wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Àìsàn ni bí kóró gbígbẹ bá dáwọ́ dúró, tí kò sì jẹ koríko fún wákàtí 12. Ìfun rẹ̀ ti dúró nìyẹn, dókítà ló kàn. Lójoojúmọ́, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìgbẹ́ bá lẹ̀ mọ́ irun, eṣinṣin á yé sí i, kò sì ní ju ọjọ́ kan lọ tí ìdin á fi máa jẹ ẹran ara rẹ̀. Etí gbọọrọ rẹ̀ ló fi ń lé ooru jáde. Ẹ fi omi dídì inú ìgò, tí ẹ fi aṣọ wé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Odídẹrẹ́ mọ nǹkan ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Alex, ayékòótọ́ tí onímọ̀ Irene Pepperberg kọ́ láti 1977 títí tó fi kú ní 2007, mọ orúkọ àwọ̀ àti ìrísí nǹkan, ó sì lè ka nǹkan dé 6. Ẹyẹ tó mọ̀wé tó báyìí mọ̀ pé ẹni òun kò sí nílé, ó sì lè kọ oúnjẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n láràárọ̀ kó tó jẹun, torí ìyẹ́ ń bo rírù mọ́lẹ̀. Ẹ má fi páànù tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀ dáná nílé tó bá wà: bó bá gbóná jù, èéfín rẹ̀ tí imú yín kò gbọ́ lè pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹja kò le. Àjẹjù ni wàhálà rẹ̀, torí oúnjẹ tó bá rà nínú omi ń di ammonia, májèlé ni fún ẹja. Kí onílé pín in sínú ọ̀rá, ti ọjọ́ kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì gbé agolo rẹ̀ pamọ́. Omi gbígbóná kì í lè gba ọ́síjìn púpọ̀ dúró, nítorí náà bí ẹja bá ń yọ ẹnu sókè, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe oúnjẹ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ìrọ̀lẹ́ ṣe tutù sí kẹ́ ẹ tó mú ajá jáde, ẹ tẹ́tí sí ìrẹ̀. Ní 1897, Amos Dolbear, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni ìrẹ̀ ń yára dún tó. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹyọ kan dún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8, kẹ́ ẹ fi 5 kún un. Dígírì Celsius nìyẹn, kì í sì í fi púpọ̀ yẹ̀. Ti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń sọ o. Ọ̀dà títì ṣì lè máa jó, ẹ fi ọwọ́ kàn án.

Gbogbo èyí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: "Aago 7 àárọ̀. Gíráàmù 60, ó ṣẹ́ 10 kù. Ó tọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgbẹ́ le dáadáa." Lọ́jọ́ tí onílé bá dé, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un, pẹ̀lú iye hóró oògùn tó kù, kẹ́ ẹ tó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.